Ibà Kọ́ Ló Jáde Sẹ́nu: Bí Fáírọ́ọ̀sì Hẹ́píìsì Ṣe Ń Tẹ́tí sí Ọ̀rọ̀ Inú Sẹ́ẹ̀lì

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń sọ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí ara ẹnìkan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá lẹ́yìn ibà, tí egbò wẹ́wẹ́ wá yọ sí i létè, a ó ní, "Ibà náà ti ń jáde nìyẹn." Inú wa a tiẹ̀ máa dùn díẹ̀, pé àìsàn ti rí ọ̀nà gbà lọ. Bí dókítà bá wà níbẹ̀, á ní kì í ṣe ibà rárá, fáírọ́ọ̀sì hẹ́píìsì ni, èyí tí wọ́n ń pè ní HSV-1, ó sì ṣeé ṣe kó ti wà lára ẹni náà láti kékeré. Bí o bá bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ ìgbà yìí ló yọjú, á ní, "Wàhálà ara ni."

Ìdáhùn yẹn ni kò jẹ́ kí ọkàn mi sinmi láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wàhálà ara, lọ́nà wo? Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì yìí bá sùn, kò ní etí, kò ní ojú, kò tiẹ̀ ní ara. Òrùka DNA lásán ni, tó dùbúlẹ̀ sínú kóró sẹ́ẹ̀lì kan nínú agbárí, tí kò ṣe purotéènì kankan tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ibà wà. Ìta ni oòrùn, tí òun náà máa ń mú egbò ètè yọ, wà. Ta ló wá lọ sọ fún DNA yẹn pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀?

Sẹ́ẹ̀lì tó gbà á sílé ló sọ fún un. Ọ̀pọ̀ ìwé máa ń sọ pé fáírọ́ọ̀sì "ń ba" iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì ń rán sí ara rẹ̀ jẹ́. Òótọ́ ni, àmọ́ ìdajì òótọ́ ni. Kí hẹ́píìsì tó ba iṣẹ́ kankan jẹ́, á kọ́kọ́ gbọ́ràn sí i fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tó ń gbọ́ràn yẹn, àti wákàtí tó jáwọ́ nínú rẹ̀, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé.

## Ibi tó forí pamọ́ sí

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nínú àwọn tí kò tíì pé 50 ọdún, àwọn tó ní HSV-1 lára tó bílíọ̀nù 3.8, ìyẹn 64 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn kan níbì kan la ń sọ.

Fáírọ́ọ̀sì náà á kọ́kọ́ pọ̀ sí i nínú awọ ètè, lẹ́yìn náà á wọ etí, ìyẹn ìpẹ̀kun, iṣan-ìmọ̀lára tó wà níbẹ̀. Purotéènì kan tó ń jẹ́ dynein, tó máa ń fa ẹrù nínú iṣan láti etí rẹ̀ padà sí ara sẹ́ẹ̀lì, ló máa gbé e lọ sí ìdìpọ̀ sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní trigeminal ganglion, nísàlẹ̀ agbárí, níwájú etí. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ní abala awọ ojú tirẹ̀ tó ń bójú tó. Ìdí nìyẹn tí egbò náà fi máa ń yọ síbi kan náà lọ́dọọdún.

Nínú ìrìn-àjò yẹn, ohun kan sọnù. Bí fáírọ́ọ̀sì bá wọ sẹ́ẹ̀lì awọ, purotéènì rẹ̀ tó ń jẹ́ VP16 á tẹ̀ lé e wọ kóró sẹ́ẹ̀lì, á pàdé purotéènì méjì tó jẹ́ ti sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, HCF-1 àti Oct-1, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì tan jíìnì fáírọ́ọ̀sì márùn-ún àkọ́kọ́. Nínú iṣan, ọ̀nà jìn. VP16 á já sílẹ̀ ní etí iṣan, HCF-1 pàápàá sì wà ní ìta kóró nínú irú sẹ́ẹ̀lì yìí. DNA náà á dé láìsí ẹni tí yóò tan jíìnì rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì á fi àwọn purotéènì tó ń jẹ́ histone dì í, á fi àmì mẹ́tìlì mẹ́ta sí ibì kan lára histone H3 tí wọ́n ń pè ní lysine 9, èyí tó túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni má ka ibí yìí. Ẹyọ abala kan ṣoṣo, LAT, tí wọ́n ṣàwárí ní 1987, ló ṣì máa ń sọ̀rọ̀ dáadáa lára gbogbo ohun tó wà lórí DNA náà.

## Iṣẹ́ tó ń ti awọ ara wá

Kí ló wá ń mú un sùn? Láti dáhùn, a ní láti kúrò lọ́dọ̀ fáírọ́ọ̀sì, ká lọ sọ́dọ̀ iṣan.

Iṣan-ìmọ̀lára kò dá wà. Awọ tó ń bójú tó máa ń tú ohun kan jáde tó ń jẹ́ NGF, èyí tí iṣẹ́ lórí rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel fún Rita Levi-Montalcini àti Stanley Cohen ní 1986. NGF á lẹ̀ mọ́ TrkA, purotéènì tó ń gbà á ní etí iṣan, a ó gbé àwọn méjèèjì mì sínú àpò kékeré kan, àpò náà á sì gba ọ̀nà jíjìn padà sí ara sẹ́ẹ̀lì. Dynein ló ń fà á. Dynein yìí kan náà ló gbé fáírọ́ọ̀sì wọlé, lójú ọ̀nà kan náà.

Bí àpò yẹn ṣe ń lọ, TrkA ò dákẹ́. Á jí ẹ́ńsáìmù PI3K, PI3K á fi àmì sára ọ̀rá awọ sẹ́ẹ̀lì, ẹ́ńsáìmù méjì mìíràn, PDK1 àti Akt, á kóra jọ síbi àmì náà, PDK1 á sì fi fọ́sífétì kan, àmì kẹ́míkà tó ń yí iṣẹ́ purotéènì padà, sára Akt. Akt tó ti gba fọ́sífétì á ti TSC2 pa, èyí tó máa ń dá mTORC1 dúró, mTORC1 á sì rí àyè ṣiṣẹ́, kí sẹ́ẹ̀lì lè máa ṣe purotéènì. Ẹni tó bá mọ àrokò kò ní rí i bí nǹkan àjèjì: kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀, ohun tí wọ́n so mọ́ ohun mìíràn ni ìtumọ̀. Ìtumọ̀ eléyìí sì ni pé awọ ṣì wà, iṣan ṣì so mọ́ ọn, kí sẹ́ẹ̀lì má kú.

Ní 1987, Wilcox àti Johnson mú NGF kúrò nínú omi tí wọ́n fi ń tọ́jú àwọn sẹ́ẹ̀lì iṣan tí HSV-1 ń sùn nínú wọn. Fáírọ́ọ̀sì jáde. Wọn ò fi nǹkan kankan kún un o, wọ́n kàn mú nǹkan kúrò ni. Ní 2010, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì New York wá tọpa rẹ̀ débi PI3K àti PDK1, wọ́n sì fi ohun kan hàn tí mo rò pé òun ló ṣe pàtàkì jù. EGF àti GDNF, tí àwọn náà ń ran sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ láti dàgbà bí NGF, lè jí PI3K àti PDK1. Ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí Akt máa ṣiṣẹ́ lọ láìdáwọ́ dúró bí NGF ṣe ń ṣe, wọn ò sì lè mú fáírọ́ọ̀sì náà sùn tán. Pé iṣẹ́ náà dé kò tó. Ó gbọ́dọ̀ máa dé, kó má dáwọ́ dúró.

## Bí wọ́n ṣe ń dán an wò, àti ibi tó ti máa ń dojú rú

Ó yẹ ká mọ bí wọ́n ṣe mọ èyí, nítorí ibẹ̀ ni ẹni tó ń ka irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ti máa ń ṣìnà.

Ara ọmọ eku tí wọn ò tíì bí ni wọ́n ti máa ń mú sẹ́ẹ̀lì, láti inú superior cervical ganglion ní ọrùn. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe trigeminal. Wọ́n yan tọrùn nítorí pé gbogbo rẹ̀ ló gbára lé NGF, ó sì rọrùn láti mú jáde ní mímọ́. Wọ́n á gbìn ín sínú àwo, wọ́n á fún un ní NGF 50 nánógíráàmù nínú mìlílítà kan, wọ́n á fi aphidicolin àti 5-fluorouracil pa gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó ṣì ń pín. Bí èyí tó ṣẹ́kù bá ṣì pọ̀, inú wọn ni fáírọ́ọ̀sì á ti bí sí i, àdánwò náà ti bàjẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, oògùn hẹ́píìsì tó ń jẹ́ acyclovir, 100 màíkírómólà, á wọlé ṣáájú fáírọ́ọ̀sì, á sì wà níbẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí fáírọ́ọ̀sì má bàa rí DNA rẹ̀ dà kọ. Bí wọ́n bá yára yọ acyclovir, ohun tí wọ́n pè ní jíjí kò ju fáírọ́ọ̀sì tí kò tíì sùn lọ.

Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń lò ti gba purotéènì aláwọ̀ ewé mọ́ Us11, jíìnì tó máa ń ṣiṣẹ́ ní ìparí. Nítorí náà, bí àwọ̀ ewé bá tàn, ó túmọ̀ sí pé fáírọ́ọ̀sì ti rìn jìnnà. Wọ́n á wá da LY294002 20 màíkírómólà sí i láti dí PI3K, wọ́n á sì ka iye ihò àwo tó tàn. Àmọ́ LY294002 kì í ṣe olóòótọ́ pátápátá, ó máa ń kan mTOR àti àwọn mìíràn, kì í ṣe PI3K nìkan. Ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ka orí oògùn yìí nìkan, má tíì gbà á gbọ́. Ó yẹ kó tún fi oògùn tó mú apá PI3K tó ń jẹ́ p110α nìkan dán an wò, tàbí kó fi agbóguntì mú NGF kúrò. Ó sì yẹ kó bu omi náà sórí sẹ́ẹ̀lì Vero, irú èyí tí fáírọ́ọ̀sì máa ń tètè ràn, láti mọ̀ bóyá fáírọ́ọ̀sì tó lè ran nǹkan ló jáde lóòótọ́, nítorí pé àwọ̀ ewé kì í ran ẹnikẹ́ni.

## Wákàtí tí ọ̀rọ̀ yí padà

Wàyí o, NGF ti dákẹ́. Akt ti pàdánù fọ́sífétì rẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀, ẹ́ńsáìmù ìkìlọ̀ kan tó ń jẹ́ JNK á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

JNK wà nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì, ó sì ní iṣẹ́ tó pọ̀. Ohun tó sọ ọ́ di ti ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn tó bá a rìn: ẹ́ńsáìmù DLK ló jí i, purotéènì JIP3 ló dì í mú. Nínú iṣan, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n máa ń ṣe ìkìlọ̀ pé okùn iṣan ti fara pa, tàbí pé NGF ti tán. Nínú iṣan ọmọ inú oyún, ìkìlọ̀ yẹn máa ń yọrí sí ikú, bẹ́ẹ̀ ni ara ṣe ń dín iye iṣan tó pọ̀ jù kù. Iṣan tó ti gbó ní ohun tó ń dá ikú náà dúró. Ìkìlọ̀ á dún, sẹ́ẹ̀lì ò sì ní kú. Àárín àlàfo yẹn gan-an ni hẹ́píìsì ti rí àyè.

Ní 2015, Anna Cliffe, Mohanish Deshmukh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì North Carolina fi hàn bí ó ṣe rí. Bí wọ́n bá dí JNK tàbí DLK, tàbí kí wọ́n dín JIP3 kù, jíìnì fáírọ́ọ̀sì ò ní sọ̀rọ̀. Bí wọn ò bá dí i, fọ́sífétì kan á bọ́ sórí serine 10 lára histone H3 tó dì DNA fáírọ́ọ̀sì. Serine 10 ni aládùúgbò lysine 9, ibi tí mẹ́tìlì mẹ́ta wà. Kò sẹ́ni tó yọ mẹ́tìlì náà kúrò. Ó ṣì wà níbẹ̀. Fọ́sífétì tó wá jókòó tì í ló jẹ́ kí ó má lágbára mọ́.

Mo ti ka ibí yìí lọ, mo ti kà á bọ̀, ohun kan ṣoṣo ló ń yà mí lẹ́nu. Títí débí, fáírọ́ọ̀sì ò tíì ṣe nǹkan kan. Kò ní purotéènì tó lè fi ṣe é. Ọwọ́ sẹ́ẹ̀lì ló ṣí ohun tí ọwọ́ sẹ́ẹ̀lì dì. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò jọ bí fáírọ́ọ̀sì yìí ṣe ń ṣe nínú awọ. Nínú awọ, jíìnì rẹ̀ máa ń tò tẹ̀ lé ara wọn: àwọn àkọ́kọ́, àwọn àárín, àwọn ìparí, ìpele kan kì í bẹ̀rẹ̀ kí èyí tó ṣáájú tó ṣe tirẹ̀. Nínú iṣan tó ń jí, ní bíi 20 wákàtí, gbogbo wọn á gbéra pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láìtò. VP16 gan-an á wà lára àwọn tí wọ́n ṣe, àmọ́ ìta kóró ni yóò jókòó sí. Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, ariwo lásán ni, kò sí fáírọ́ọ̀sì tuntun. Nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nìkan ni VP16 àti HCF-1 ti máa wọ kóró lẹ́yìn náà, ní nǹkan bí ọjọ́ méjì. Ìgbà yẹn ni àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń yọ mẹ́tìlì á wá di dandan, ni DNA á bẹ̀rẹ̀ sí í di púpọ̀, ni ìtò á padà sípò.

Ìpele méjì ni, nígbà náà. Àkọ́kọ́, sẹ́ẹ̀lì ló ni ín. Ìkejì, fáírọ́ọ̀sì ló ni ín. Ní tèmi, àárín méjèèjì yìí ni ààlà tòótọ́ wà, kì í ṣe ìgbà tí ètè bá bẹ̀rẹ̀ sí í yún ni.

## Ibà wá ńkọ́?

Ìdáhùn tó sún mọ́ ìbéèrè wa jù jáde ní 2020, láti ilé ìwádìí Cliffe, tó ti wà ní Yunifásítì Virginia nígbà náà. Ohun tí wọ́n lò ni IL-1β. Bí kòkòrò ibà bá bẹ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun á tú IL-1β àti irú rẹ̀ jáde, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n sì ń sọ fún ọpọlọ pé kó mú ara gbóná. Iṣan náà ní ibi tó ti ń gbà á. Nígbà tí wọ́n fún iṣan eku tó ti gbó ní IL-1β, iṣan náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta iná mànàmáná ara rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, fọ́sífétì bọ́ sórí histone, fáírọ́ọ̀sì sì jí. Bí wọ́n bá dí ọ̀nà iná náà, tàbí kí wọ́n dí DLK, kò ní jí.

Iṣan eku nínú àwo ni o, kì í ṣe ènìyàn tí ibà ń ṣe. Síbẹ̀, ó jẹ́ kí àlàyé "wàhálà ara" ní ẹsẹ̀ tó lè fi dúró. Awọ tí oòrùn bá sun náà máa ń tú IL-1 jáde, ohun tó bá a mu pé oòrùn líle máa ń mú egbò ètè wá. Ẹni tó bá sọ pé ibà ti jáde sí òun lẹ́nu kò jìnnà sí òtítọ́ tó bí a ṣe rò. Ibà ò jáde, iṣẹ́ tí ibà rán ló dé ibi tí wọn ò rán an sí.

Ẹ̀rí kan wà tó ti pẹ́ ju gbogbo èyí lọ. Ní 1952, Carton àti Kilbourne kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn tí wọ́n gé gbòǹgbò iṣan ojú wọn nítorí ìrora tó le, tí hẹ́píìsì sì yọ sí wọn lójú láìpẹ́ lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá kánjú á ní àìsí NGF ló fà á. Rárá. Apá tó lọ sí ọpọlọ ni wọ́n gé, kì í ṣe apá tó lọ sí awọ, NGF ṣì ń dé. Ọgbẹ́ ara iṣan náà tó láti jí i, èyí sì bá iṣẹ́ DLK mu dáadáa.

## Nígbà tó bá di ọ̀gá

Ìgbà tí purotéènì fáírọ́ọ̀sì bá ti jáde tán, ìgbọràn parí. Ìṣòro kan wà fún un o: ohun tó jí i gan-an ni pé Akt ti dákẹ́, bí Akt bá sì dákẹ́, mTORC1 á rẹlẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ò ní fẹ́ ṣe purotéènì púpọ̀. Báwo ni fáírọ́ọ̀sì á ṣe bímọ nínú sẹ́ẹ̀lì tó ti fà sẹ́yìn?

Ó gbé Akt tirẹ̀ wá. Us3 ni orúkọ rẹ̀. Kò jọ Akt púpọ̀ bí a bá wo bí wọ́n ṣe tò ó, ṣùgbọ́n ibi tí Akt máa ń fi fọ́sífétì sí ni òun náà ń fi í sí, títí kan TSC2. Us3 á ti TSC2 pa, mTORC1 á ṣiṣẹ́, purotéènì 4E-BP1 á jọ̀wọ́ eIF4E tó dì mú, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ ìṣẹ̀dá purotéènì, ìṣẹ̀dá náà á sì máa lọ, bí Akt tòótọ́ bá wà tàbí kò sí. Ọ̀nà kan náà tí ìdákẹ́ rẹ̀ jí i ni òun fúnra rẹ̀ wá tún tan.

Sẹ́ẹ̀lì ṣì ní ohun ìjà kan: PKR. Bó bá rí RNA onílọ̀ọ́po méjì, tó sábà máa ń jẹ́ àmì fáírọ́ọ̀sì, á fi fọ́sífétì sórí eIF2α, purotéènì mìíràn tí ìṣẹ̀dá purotéènì nílò, gbogbo ìṣẹ̀dá purotéènì á dúró, ti fáírọ́ọ̀sì àti ti sẹ́ẹ̀lì. Purotéènì fáírọ́ọ̀sì kan, ICP34.5, ló ń dá HSV-1 nídè níbẹ̀. Kò bá PKR jà. Ó lọ pe PP1, ẹ́ńsáìmù tó jẹ́ ti sẹ́ẹ̀lì, pé kó wá yọ fọ́sífétì náà. Bí a bá yọ ICP34.5 kúrò, fáírọ́ọ̀sì náà á di aláìlera nínú iṣan, àmọ́ á ṣì lè pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí ààbò wọn ti bàjẹ́. Orí èyí ni wọ́n gbé T-VEC lé, HSV-1 tí wọ́n yọ ICP34.5 àti ICP47 kúrò lára rẹ̀, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2015 fún jẹjẹrẹ awọ tó ń jẹ́ melanoma.

## Oògùn àti àsìkò

Acyclovir ò lè pa fáírọ́ọ̀sì tó sùn, ìdí rẹ̀ sì ṣe kedere báyìí. Ẹ́ńsáìmù fáírọ́ọ̀sì, thymidine kinase, ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi fọ́sífétì sára oògùn náà kó tó lè dá DNA dúró. Fáírọ́ọ̀sì tó sùn ò ní ẹ́ńsáìmù yẹn, kò sì ń da DNA kọ. Ìgbà ara là á búra. Bí ètè bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yún tàbí ń ta ni valacyclovir, tó máa ń di acyclovir nínú ara, wúlò: fún àgbàlagbà tí kíndìnrín rẹ̀ dá pé, gíráàmù 2, lẹ́yìn wákàtí 12 gíráàmù 2 mìíràn, ó parí. Bí egbò bá ti gbẹ, ó ti pẹ́ jù. Ìpara acyclovir ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ìgbà márùn-ún lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, kì í dín ọjọ́ egbò kù ju bí ìdajì ọjọ́ lọ.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju èyí lọ ni àwọn ìpara alápòpọ̀ tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì, tó ní stẹ́rọ́ìdì nínú, táwọn èèyàn ń fi pa gbogbo nǹkan tó bá yọ lára. Hẹ́píìsì màlúù, BoHV-1, jẹ́ ìbátan HSV-1. Bí wọ́n bá fún ọmọ màlúù tí fáírọ́ọ̀sì yìí ń sùn nínú rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ dexamethasone, tó jẹ́ stẹ́rọ́ìdì, fáírọ́ọ̀sì náà á jí, ó dájú tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ nìyẹn. Ìpara kò tó abẹ́rẹ́ lóòótọ́, àmọ́ kò sí ìdí láti fi stẹ́rọ́ìdì nìkan pa egbò hẹ́píìsì, láìsí oògùn fáírọ́ọ̀sì pẹ̀lú rẹ̀. Ti ojú tiẹ̀ le jù: ẹ̀kán stẹ́rọ́ìdì sójú tí hẹ́píìsì wà, láìsí dókítà ojú, lè fọ́ ojú.

Ṣé a ò wá lè dí DLK tàbí JNK kí fáírọ́ọ̀sì má jí mọ́? Iṣan nílò DLK láti tún ara rẹ̀ ṣe lẹ́yìn ọgbẹ́, ìwọ náà á sì máa lo oògùn náà títí láé nítorí egbò ètè. A ò sì lè gbé ẹ̀kọ́ HSV-1 lọ sọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Dídí mTOR jí HSV-1 nínú iṣan inú àwo. Lára àwọn tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún, tí wọ́n sì ń lo oògùn tó ń dí mTOR, hẹ́píìsì mìíràn, CMV, máa ń dín kù ni.

Ọ̀nà tó jọ mí lójú jù ni èyí tí kò dá sí iṣẹ́ kankan tí sẹ́ẹ̀lì ń rán. Ní 2020, àwọn ẹgbẹ́ Keith Jerome ní Seattle lo AAV, fáírọ́ọ̀sì kékeré kan tí wọ́n fi ń gbé jíìnì wọ sẹ́ẹ̀lì, láti gbé ẹ́ńsáìmù méjì tó ń gé DNA HSV-1 wọ inú iṣan eku. Nínú superior cervical ganglion, DNA fáírọ́ọ̀sì tó ń sùn dín kù ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ohun tó kù ni bí ẹ́ńsáìmù náà á ṣe dé gbogbo sẹ́ẹ̀lì iṣan tó yẹ kó dé, láìjẹ́ pé AAV tó gbé e pọ̀ débi tí yóò pa ẹ̀dọ̀ àti iṣan lára.